Ìròyìn Ayọ̀ fún Súfèé

"Wọ́n ní Súfèé ti fẹ́..."

"Ṣé ẹ ò rí i ni? Ó wà lórí tábìlì Effie..."

"Netta atẹ̀wé ló gbọ́ ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀gá. Ó ní Senga ń kúrò... Bàbá Geekie náà nìyẹn... Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn nílé iṣẹ́ ìwé àwòrán ọmọdé tó ń tẹ Súfèé ní ìlú Dundee, lọ́dún 1974, kí omi tíì àárọ̀ tó hó. Effie Rattray gbọ́ ọ, ó tẹrí mọ́ iṣẹ́. Òun ló ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn tí wọ́n bá yà sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tẹnu òun fúnra rẹ̀ kì í pọ̀.

Ohun tó ń kọ lọ́jọ́ náà kò sunwọ̀n: ÌRÒYÌN AYỌ̀ FÚN GBOGBO Ọ̀RẸ́ WA, gàdàgbà gadagba. Kò sẹ́ni tí kò mọ èdè yẹn nínú ilé náà. Bí ìwé kan bá fẹ́ kú, a kì í túfọ̀ rẹ̀ fọ́mọdé. Wọ́n á sọ pé ìròyìn ayọ̀ ni, pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun àti ìwé mìíràn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ló gbé e mì. Orúkọ rẹ̀ á máa wọ́ tẹ̀lé ti ẹ̀gbọ́n fún oṣù díẹ̀, á máa kéré sí i, títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Ní tọ̀tẹ̀ yìí, ìwé tí wọ́n ń pè ní Agogo ló fẹ́ gbé Súfèé mì.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá Wattie Geekie ti ń ya Senga, ọmọbìnrin olóríkunkun tó ń gun ewúrẹ́ lọ sílé ìwé, sínú Súfèé. Ilé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí ayàwòrán kọ orúkọ síṣẹ́. Bí wọ́n bá mú Senga kúrò, kí ló kù tí a ó fi mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ rí?

Nígbà tí Effie gbé tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàbá náà ń nu gègé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú agolo bisikíìtì.

"Wọ́n ti ń pín ogún mi níta, àbí? Mo gbọ́ pé Netta ti mú àga mi."

"Ẹ má dá Netta lóhùn, sà."

"Ìwọ lo wà nínú yàrá nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ọmọ mi. Má fi ṣúgà sí i. Tíì mi náà kì í ní ṣúgà."

Láti kékeré, nídìí iná ìyá rẹ̀ àgbà, ni Effie ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, ẹyọ kan kì í sì í bọ́ lórí rẹ̀. Kí ó yọ ọ́ síta ló máa ń ni ín lára.

"Ó yẹ kí n ti wá láàárọ̀, sà. Ẹnu mi ló wúwo. Netta ò dúró gbọ́ ọ tán."

"Mo ń gbọ́."

Effie di etí tábìlì mú, ó pajú dé.

"Ó ní, 'Senga ń kúrò ní ojú ewé kẹsàn-án. Ojú ewé àkọ́kọ́ Agogo gan-an ni kí ẹ gbé e sí, kí Wattie máa yà á níbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ ilé onílé, ó yẹ kó bá ojú tó mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.'"