Wákàtí Ọjọ́ Ẹtì ti Àwọn Àgbà Wiesried

Ìtàn bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Wiesried sílẹ̀ ti sú mi. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọkùnrin mélòó kan gbá ìrì dídì kúrò lórí adágún ẹ̀yìn ilé ìlọkà, wọ́n sì fi igi ọgbà màlúù ṣe ọ̀pá. Òótọ́ ni pé wọ́n na ẹgbẹ́ ìlú ńlá kan nígbà kan, pé ìjọba ìlú kọ́ pápá olórùlé fún wa lẹ́yìn náà, pé ó ku díẹ̀ ká gòkè sí líìgì òkè, a ò sì gòkè. Mo ti gbọ́. Èmi ni mo ń pọ́n irin abẹ́ bàtà fún gbogbo ẹgbẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pápá, kò sì sí ẹni tó ń dúró de bàtà tí kì í kà á sí mi létí.

Wákàtí ọjọ́ Ẹtì ló ń dùn mí. Ọmọ mi Annelie ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin. Àjọ tó ń darí họ́kì ti sọ fún wa pé ẹgbẹ́ ọmọbìnrin tí kò bá ní wákàtí tirẹ̀ lórí yìnyín kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ kò ní wọ líìgì. Gbogbo wákàtí ọ̀sẹ̀ ló sì ti ní olówó orí. Ti aago mẹ́fà àbọ̀ ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti Bàbá Alfons Greither àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó gbá adágún yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tẹ yìnyín kẹ́yìn. Wọ́n á dé, wọ́n á wọ yàrá ìmúra kìíní, wọ́n á ṣí bíà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Gebhard tó ń wa ẹ̀rọ á ti fọ yìnyín lóde, á máa dán bíi dígí, kò ní sẹ́ni tó máa gùn ún. Gbogbo wa la mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ọdọọdún, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí. Mo dìde, mo ní, "Ẹ fún àwọn ọmọbìnrin ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ò lò ó." Mo jókòó. Kí ló tún kù?

Alága wa, Dókítà Reisch, oníṣègùn eyín, dìde. Ó sọ̀rọ̀ nípa ogún, ó sọ nípa gbòǹgbò, ó sọ nípa iná tí kò gbọdọ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ yọ eyín ẹni, ọ̀rọ̀ kan péré ló ń sọ: "Yanu." Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Bàbá Alfons wá kọjú sí mi. "Walburga, ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ni yìnyín?"

"Ìlú ló ni ín, Bàbá Alfons."

"Àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀!" Ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ibí yìí ni mo máa ń jáde lọ jẹ sọ́séèjì. Lọ́jọ́ yẹn, àga ti dí ẹnu ọ̀nà pa. Bí mo ṣe gbọ́ ọ dópin nìyẹn.

"Adágún yẹn kì í ṣe tiwa tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "Àwọn àgbà tó máa ń fi igi tó ń yọ̀ ṣeré lórí yìnyín ló ni ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n inú ilé ọtí ni wọ́n wà, wọ́n ń yáná! Àwa bọ́ sórí yìnyín. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, a ti ń gbá a."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?" ni mo bi í.

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n dúró ní bèbè, wọ́n ń bú wa. Yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò dúró lé, ẹni tó bá gorí ẹ̀ ló ni ín!"

Wọ́n fi ife gbá tábìlì, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n sì dìbò tako mi.

Lójú ọ̀nà ilé, Annelie ní, "Màámi, ó ti parí nìyẹn?"

"Ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, kí gbogbo yín ti wọ bàtà."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, mo dúró títí àwọn àgbà fi ti ilẹ̀kùn yàrá ìmúra. Mo wá ṣí géètì pápá.

"Walburga, kí lò ń ṣe?" ni Gebhard wí.

"Mò ń ṣí géètì."

"Mi ò rí ẹ o." Ó yíjú, ó ń nu ẹ̀rọ tó ti nù tán.

Àwọn ọmọbìnrin wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ rọ́bà tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá tó fi tagbára-tagbára gbá ògiri onígi, gbàù! Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn àgbà jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ìgò lọ́wọ́.

"Kí lèyí?" ni Bàbá Alfons ké. "Ẹ jáde níbẹ̀!"

"Ẹ wọlé wá lé wọn, Bàbá."

"Ṣé orí ẹ dáa?"

"Yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò dúró lé ńkọ́? Ẹnu ta ni mo ti gbọ́ ọ?"

Korbinian, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí bíà fi ta sí i nímú. "Alfons, ó mú ẹ!"

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o bá mi wá bàtà mi!"

Ikùn ò jẹ́ kó lè so okùn bàtà náà. Korbinian ló kúnlẹ̀ so ó fún un, ó ń kùn bí ìyàwó tí wọ́n jí láàárọ̀ kùtù. Bàbá Alfons wá gorí yìnyín, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ kan, ó sì gbá rọ́bà sí Annelie. Annelie mú un. Ó tún gbá a. Annelie tún mú un.

"Ṣé kí n dijú ni, Bàbá?"

"Gbé e sókè, Alfons, ọmọdé ni!" ni wọ́n ń pariwo létí ògiri.

"Ọmọdé wo? Ó ga jù ẹ́ lọ!"

Ó gbá a títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀kan wọlé níkẹyìn. Ó na ọ̀pá sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ.

"Ó wọlé," ni Annelie wí. "Ẹ tún un ṣe."

Kò lè tún un ṣe. Ó fara ti igi ojúlé tí Annelie ń ṣọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta ló kọ́ ẹ bó o ṣe ń na ẹsẹ̀ òsì yẹn?"

"Kò sẹ́ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ la máa ń rí yìnyín. Olùkọ́ á ti sùn."

Bàbá Alfons rọra yọ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní géètì. "Ọjọ́ Ẹtì, tiwa ni. Títí n ó fi kú."

"Mo gbọ́."

"Ṣùgbọ́n a lè pe ẹni tó bá wù wá."

"Ẹ pè wọ́n, nígbà náà."

"A ti pè wọ́n."

"Nígbà wo?"

"Má bá mi jiyàn, Walburga!"

"Àjọ ò fẹ́ àlejò, Bàbá. Wákàtí tiwọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

Ó fọwọ́ nu imú. Ó ní òun á pe Reisch, kó sọ fún àjọ pé àwọn ọmọbìnrin ló ni wákàtí náà báyìí. Ṣùgbọ́n kí Reisch kọ ọ́ sínú ìtàn ẹgbẹ́ pé àwọn àgbà ló dá ẹgbẹ́ ọmọbìnrin sílẹ̀.

Àwọn àgbà! Ta ló ń fọ aṣọ àwọn ọmọ yìí? Ta ló ń fi ọkọ̀ gbé wọn nínú ìrì dídì? Mo wo Annelie. Ó ti yọ akoto orí rẹ̀, ó ń wò mí.

"Kó kọ ohun tó bá wù ú," ni mo wí. "Kó ṣáà pe àjọ."

Reisch pè wọ́n. A wọ líìgì.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn náà, èmi àti Annelie ń kọjá lẹ́nu yàrá ìmúra kìíní. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá Alfons ń sọ fún àlejò kan: "Èmi ni mo ní, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọmọbìnrin yìí wọlé. Walburga gan-an ò fẹ́ gbà..."

Annelie dúró gbagidi. "Màámi, irọ́ ló ń pa!"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan?"

"Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́fà àbọ̀."

"Kí lo wá ń ṣe níbí?"