Òwú Pupa Torcuil

Ní Glen Mòrail, abúlé kan nílẹ̀ òyìnbó, bí ọkùnrin kan bá rí ẹ̀ka igi tó tẹ̀ lórí bó ṣe yẹ, á so òwú mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, tirẹ̀ ni. Olè pàápàá kò ní gé e, nítorí ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ọdún Tuntun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà lọ́jà. Ọlọ́run ló ń tẹ̀ ẹ́ nínú igbó, èèyàn á sì mú sùúrù.

Torcuil, ọmọ kan ṣoṣo tí Marsaili bí, so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka kan lẹ́bàá odò kó tó lọ sógun Jámánì. Ó ní, “Màmá, kí n tó dé, á ti gbó.” Ẹ̀ka gbó. Torcuil kò dé.

Darandaran ni. Láti kékeré ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún abúlé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún un rí. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn àti ojúgun tó wú ni èrè rẹ̀. Ó ń sáré bí àgbọ̀nrín, ó sì ń kọ Sáàmù bí ẹni tí àgbò kàn nínú. Lójú ogun, wọ́n ní kó máa gbé àwọn tó gbọgbẹ́. Ilẹ̀ Faransé ló kú sí, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin.

Nítorí náà Marsaili kò ní sàréè tó lè lọ wò. Igi yẹn ló ń lọ bá. Bó bá ti fún adìẹ lóúnjẹ tán, á lọ sẹ́bàá odò, á fọwọ́ kan òwú náà, á gbàdúrà, á sì padà wá po ẹ̀kọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, Lachlan ará Dalbeg, abúlé tó wà lódìkejì odò, tiro wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lachlan kò ní eyín iwájú méjì. Ọ̀pá Torcuil ló yọ wọ́n lọ́dún kan tí abúlé méjèèjì ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù.

“Ẹ káàsán o, Ìyá Torcuil.”

“Káàsán. Ṣé eyín lo wá gbà ni?”

“Rárá o, Màmá. Ẹ̀ka igi ni.”

Marsaili gbé ìkòkò kalẹ̀. “Kí lo wí?”

“Ó ti ń nípọn jù. Bí a ò bá gé e kí òtútù yìí tó lọ, ọ̀pá ò lè jáde nínú ẹ̀ mọ́. Igi ìdáná ló máa dà. Ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè tú òwú yẹn. Bíbélì náà ní ohun gbogbo ni àkókò wà fún...”

“Má fi Bíbélì lù mí nílé mi! Odindi Dalbeg, ẹ ò nígi ni?”

“A nígi, Màmá. Gbogbo ẹ̀ ló tọ́ gbọnrangandan bíi pásítọ̀ wa.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ? Ìwọ àti ọmọ mi ò gba tara yín rí.”

Lachlan wo iná. “Ẹsẹ̀ mi ló kán lójú ogun. Torcuil ló pọ̀n mí jáde nínú ẹrẹ̀. Ó sọ̀ mí kalẹ̀, ó padà lọ gbé ẹlòmíràn. Kò bọ̀ mọ́.”

“O ti dé látọjọ́ yìí, o ò sọ fún mi?”

“Mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà yín. Ojú á wá tì mí pé èmi ló dé.”

Marsaili jókòó tì í. “Kí ló sọ kẹ́yìn?”

“Ẹ máa bínú, Màmá.”

“Sọ ọ́.”

“Ó ní mo wúwo bí abo màlúù tó lóyún. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti yọ eyín tó kù, kí n lè fúyẹ́.”

Marsaili fi etí ìborùn nu ojú. “Ọmọ mi nìyẹn,” ló wí. Ó bu ẹ̀kọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sẹ́bàá odò. Òwú náà ti wọnú èèpo, ìka Marsaili kò ká a. Ó gbàdúrà, ó sì feyín já a. Ó wẹ̀yìn wo Lachlan.

“Iṣẹ́ ẹni tó léyín nìyẹn,” ló wí. “Ó yá, gé e.”

Marsaili tí kò wo eré bọ́ọ̀lù rí gbé àpótí ìjókòó lọ sí pápá lọ́jọ́ Ọdún Tuntun. Bí Lachlan ti ń tiro tó, ó fi ọ̀pá Torcuil gbá bọ́ọ̀lù wọlé àwọn ará Glen Mòrail.

“Marsaili!” ni wọ́n pariwo. “Igi wa ló fi nà wá o!”

“Igi ọmọ mi ni. Ọmọ mi ti pọ̀n Lachlan kúrò lẹ́nu ikú. Ṣé kó wá máa jókòó sílé ni?”

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka kékeré kan lára igi kan náà. Wọ́n bi í léèrè ohun tí arúgbó fẹ́ fi ọ̀pá ṣe. Ó ní bí Lachlan bá lọ ṣẹ́ ti Torcuil, èyí tí òun máa fi nà án ti ń gbó lọ́wọ́.