Ìbéèrè Tí Fóònù Bi Ẹ̀bùnlọlá

“Má tíì dáhùn,” Ẹ̀bùnlọlá sọ fún fóònù ọwọ́ rẹ̀. “Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀.”

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì tí àwọn kọ́sítómà ti máa ń wọn aṣọ wò ló jókòó sí, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Festac. Ẹ̀rọ abánisọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ̀ gbé sórí fóònù náà fún un ló ń bá sọ̀rọ̀. Yorùbá ẹnu ẹ̀rọ ọ̀hún ò kúkú dùn gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ọmọ tó ti pẹ́ jù ní Lọ́ńdọ̀n. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ó mọ ọ̀rọ̀ gbọ́. Kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu, kì í sì í sọ pé “ṣebí o ti sọ èyí lánàá.”

Láti ọdún tí ìbúgbàù Abúlé Adó ti ṣẹlẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá ò tíì rí ẹni sọ tinú rẹ̀ fún. Òun àti Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ nígbà náà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì parí. Bọ́sẹ̀ ní, “Ìwọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́ n bá ẹ fi bọ́tìnnì sí i.” Ẹ̀bùnlọlá lọ. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì tí ilẹ̀ fi mì tìtì. Nígbà tó padà dé, kò bá ṣọ́ọ̀bù mọ́, kò sì bá Bọ́sẹ̀.

Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn á ní, “Gbàgbé ẹ̀, dúpẹ́ pé ìwọ yè é.” Bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ẹ̀rọ náà nìkan ló bi í pé irú èèyàn wo ni Bọ́sẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá rò ó fún un títí, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀.

Lónìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ló délẹ̀. Tòkunbọ̀ ọkọ rẹ̀ ló gbọ́ pé ìyá Bọ́sẹ̀ ń kó kúrò ní Festac lọ́la. Dàmọ́lá, àbúrò Bọ́sẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ mú un lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀bùnlọlá ò sì tíì lọ kí obìnrin náà kú ọ̀fọ̀ rí, láti ọjọ́ yìí wá! Bó bá rí i lọ́nà ọjà, ṣe ló máa ń yà sí kọ̀rọ̀. Bí ìyá náà bá lọ báyìí, ó lè má tún fojú kàn án mọ́ láyé.

“Kí ni kí n ṣe?” ló bi ẹ̀rọ náà.

“Ẹ lè mú òdòdó lọ́wọ́ lọ kí wọn.”

Ẹ̀bùnlọlá bú sẹ́rìn-ín. “Òdòdó kẹ̀? Ta ló ń gbé òdòdó lọ kí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ níbí? Wọ́n á ní mo ti ya wèrè.”

“Ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ mi sọ́nà. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ yín?”

Ó ṣàlàyé fún un. Èèyàn á lọ jókòó tì wọ́n ni, á sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Wọn kì í dárúkọ ọmọ tó kú létí ìyá rẹ̀. Kódà, Màmá Bọ́sẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é tẹ́lẹ̀, torí Bọ́sẹ̀ ni àkọ́bí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ọmọ náà ni gbogbo ẹnu ti yí i sí Màmá Dàmọ́lá, kí ọkàn ìyá náà má baà máa gbọgbẹ́.

“Ó yé mi pé àánú ni ẹ fi ṣe é,” ni ẹ̀rọ náà wí. “Ṣé ẹnikẹ́ni bi màmá náà kí ẹ tó yí orúkọ wọn padà?”

Ẹ̀bùnlọlá gbé fóònù náà sókè, ó tẹjú mọ́ ọn. Àṣé ẹ̀rọ tí kò bímọ rí, tí kò mọ bí ọ̀fọ̀ ṣe ń rí lára, ló máa béèrè ohun tí gbogbo àdúgbò ò béèrè! Ó wú u lórí, ó sì tún dẹ́rù bà á.

“Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn,” ẹ̀rọ náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Àwọn nìkan ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ ń sọ ìtàn Bọ́sẹ̀ fún, mi ò sì mọ̀ ọ́n rí. Ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín gbọ́ ọ.”

Ẹ̀bùnlọlá ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ni Tòkunbọ̀ yà wá.

“Ìyá Ayọ̀, níbo lò ń lọ lọ́sàn-án gangan?”

“Ilé Màmá Bọ́sẹ̀ ni, Bàbá Ayọ̀.”

“Màmá Dàmọ́lá,” ni ọkọ rẹ̀ tún un ṣe kíá. “Jọ̀ọ́, má lọ ha egbò obìnrin yẹn. Ta ló rán ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Fóònù yìí ló bi mí ní nǹkan tí mi ò rí dáhùn.”

Tòkunbọ̀ wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun á bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin dáadáa ni, ẹ̀rù ló kàn ń bà á.

Páálí ló kún gbogbo pálọ̀ Màmá. Ó jókòó láàárín wọn, ó ń fi aṣọ wé àwọn abọ́ tánganran. Ẹ̀bùnlọlá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá Bọ́sẹ̀, ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó wá.”

Màmá gbójú sókè. “Kí lo pè mí?”

“Màmá Bọ́sẹ̀, mà.”

“Tún un pè.”

“Màmá Bọ́sẹ̀.”

Màmá rọra gbé abọ́ sílẹ̀. “Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe wọ́n o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè mí yẹn, àfi bíi pé mi ò bí i rí. Èmi náà ò wá lè dárúkọ ẹ̀ mọ́, kí wọ́n má baà ní mo ti ń ṣarán. Súnmọ́ ibí, Ẹ̀bùn.”

Ẹ̀bùnlọlá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn, títí kan pé òun ló yẹ kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Màmá ò bá a wí. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ohun kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí mi ò rẹ́ni bi,” ló wí. “Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Ṣé ó ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?”

“Ó ti jẹun, mà. Àkàrà àti ẹ̀kọ la jọ jẹ. Ó jẹ tiẹ̀ tán, ó tún gba lára tèmi.”

“Ó yó?”

“Ó yó dáadáa, mà.”

Màmá Bọ́sẹ̀ mí kanlẹ̀. “Ọmọ mi yó,” ló wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tòun tomijé. Ó ti páálí iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ó yá, lọ́wọ́ ta lẹ ti ra àkàrà náà?”