Sálẹ́ńsà Ẹlẹ́nu Méjì

Nígbà tí Ọ̀gá Fáṣadé ti pákò bọ ẹnu, gbogbo ọgbà àwọn ajórin tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Àpòmù dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó ń gé irin gbé ayùn sílẹ̀. Sheriff, tí kì í dákẹ́ àfi bó bá sùn, pa ẹnu dé. Pákò yẹn ló ń sọ fún wọn pé ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, àti pé Soliat, ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, ló kàn.

Àṣà ọgbà náà ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, títí oníbàárà yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn." Bí ọ̀gá bá la ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ "yéè" lásán ló ké, iṣẹ́ ti di ti ọ̀gá nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ á sì padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá Fáṣadé mọ ara rẹ̀ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í gbé inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi pákò dí ẹnu. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, pákò kò ran Sheriff lọ́wọ́. Ó gbé iná ìjórin sún mọ́ táǹkì epo ọkọ̀ kan, ọ̀gá sì bú sígbe pé, "Ṣé o fẹ́ pa wá ni!" Ẹ̀mí gbogbo wọn yè. Fírídọ́ọ̀mù Sheriff ló kú.

Soliat kò fẹ́ di èèyàn ọdún tó ń bọ̀. Ó ti rí ibì kan ní Ìkirè-Ilé, lábẹ́ igi ọdán, níbi tí ajórin kankan kò sí. Bó bá sùn, bó bá jí, ó máa ń rí ara rẹ̀ níbẹ̀, tí iná ń tàn yanran lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìràwọ̀ tó já bọ́ sínú àwo, tí àwọn àgbẹ̀ sì gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù tó kán wá, tí wọ́n ń dúró dè é. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ iṣẹ́ òní.

Iṣẹ́ òní ni píkọ́ọ̀pù Gàrúbà, ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wá fún àwọn obìnrin tó ń dín dódò ní Ìkirè. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó gbáfẹ́, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ débi pé aṣọ kan náà ló fi ń nu ojú ara rẹ̀ àti ojú ọkọ̀. Ó ti rí nǹkan lórí fóònù rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

"Soliat, wá wò ó." Píkọ́ọ̀pù pupa kan ń bú ramúramù lójú fóònù, èéfín ń tú jáde lẹ́nu páìpù rẹ̀ méjèèjì. "Sálẹ́ńsà ẹlẹ́nu méjì! Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

"Ó dáa, Bùrọ̀dá Gàrúbà. Ṣé ẹ̀yìn ni kí n gbé ẹnu wọn gbà?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Ta ló ń wo ìdí ọkọ̀? Ẹ̀gbẹ́ ni! Níwájú táyà ẹ̀yìn, kí gbogbo ojú lè rí i. Kí àwọn ọ̀tá mi rí i kí inú bí wọn."

"Ẹ̀yin náà ní ọ̀tá?" Sheriff bi í.

"Mi ò tíì ní. Sálẹ́ńsà yìí ló máa wá wọn wá fún mi."

Soliat rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó fi igi tì í kó má baà yẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì wọ́ ara rẹ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀. Ó gé páìpù àtijọ́ tó ti dípẹtà lẹ́yìn ìkòkò irin tó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì. Ó wá jó páìpù mìíràn mọ́ ọn, èyí tó pín sí méjì bí igi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe kànnàkànnà. Ẹ̀ka kan kọrí sọ́tùn-ún, ìkejì kọrí sósì. Ó fi rọ́bà so wọ́n rọ̀ kí wọ́n má baà máa lu abẹ́ ọkọ̀, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo gbogbo ojú jíjó náà títí tó fi ń dán.

Orí táyà àlòkù kan ni Ọ̀gá Fáṣadé jókòó sí tó ń wò. Nígbà tí Soliat fẹ́ jó ẹnu apá ọ̀tún mọ́ páìpù, ọ̀gá fò dìde. Ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kìì, kìì.

"Ùn-ùn! Ùn-ùn-ùn!"

"Kí ló ń ṣe wọ́n?" Soliat bi Sheriff.

"Bóyá ìjàlọ ló wọ ṣòkòtò wọn."

Soliat yẹ ojú jíjó rẹ̀ wò, ó dán. Ó fa rọ́bà wò, ó le. Ó rò pé àyà ọ̀gá ló ń já, bí àyà bàbá ṣe ń já bí ọmọ rẹ̀ bá ń gun igi. Ó sọ jígí dúdú kalẹ̀ sójú, ó jó o mọ́ ọn. Ọ̀gá káwọ́ lérí, ó padà lọ jókòó.

Gàrúbà ṣíná sí ọkọ̀. Ohùn tó jáde jinlẹ̀, ó sì tutù, bí ohùn àgbàlagbà tó ń dá kọrin nínú balùwẹ̀. Gàrúbà jó yí ọkọ̀ po.

"Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?" Soliat bèèrè.

"Má kánjú. Ìkirè ni màá ti sọ ọ́. Kí àwọn oníbàárà mi kọ́kọ́ rí mi ná."

Ni gbogbo wọn bá kó sọ́kọ̀. Soliat jókòó síwájú, ọ̀gá àti Sheriff wà lẹ́yìn níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wà.

Ní Ìkirè, àwọn obìnrin dódò wà níbi tí wọ́n máa ń wà. Bí ọkọ̀ bá ti rọra níbẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n máa ń sáré bò, nítorí apá ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà, títì ló wà lápá kejì. Gàrúbà rọra. Wọ́n sáré dé. Nàfísátù, ẹni tó ga jù nínú wọn tí ohùn rẹ̀ sì tún ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó gbé atẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú dódò tó gbóná jù fún Gàrúbà. Orí Gàrúbà wú. Ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: Fùú! Fùú!

Omi dúdú tó ti sápamọ́ sínú páìpù tú jáde pẹ̀lú èéfín gbígbóná. Ó ba ìró Nàfísátù jẹ́ láti orúnkún dé ẹsẹ̀, ó fọ́n sórí atẹ, ó sì gbé erùpẹ̀ ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀.

"Iná! Iná o!" ni àwọn obìnrin ń ké, tí wọ́n ń sá kiri.

"Iná kọ́, Gàrúbà ni!" Nàfísátù ké. "Gàrúbà, ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe súyà? Dódò mi dúdú tẹ́lẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n dúdú epo àti ata ni! Ta ló ní kí o wá bá mi fi èéfín kún un?"

"Ẹ má bá mi jà o. Ajórin ni kí ẹ bi."

Àwọn obìnrin náà yí sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì rí ọkùnrin kan ṣoṣo tó dàgbà níbẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yìí?"

Ọ̀gá Fáṣadé wò wọ́n. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Pákò ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ lósì.

"Ẹ ò rí nǹkan! À ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọ eyín!" ni obìnrin kan ké.

"Ó dájú pé wọ́n ń fojú di wá ni. Ẹ jẹ́ ká gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀!" ni òmíràn fi kún un.

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lọ síbi pákò. Soliat rí i. Ó mọ̀ pé ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà kọlu ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni ohun tí ọ̀gá ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí wá yé e: ibi tí àwọn obìnrin máa ń dúró sí ni ẹnu páìpù apá ọ̀tún kọjú sí. Òun Soliat, tó ti gbé atẹ dódò níbí yìí gan-an kó tó lọ kọ́ṣẹ́, tó mọ apá tí wọ́n ń sáré sí bó ṣe mọ ọ̀nà ilé wọn! Ẹwà páìpù ló dí òun lójú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fò bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́! Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni. Èmi ni mo jó o, ẹ̀bi mi sì ni."

Nàfísátù tẹ ojú mọ́ ọn. "Soliat? Soliat wa tó máa ń jẹ dódò ju èyí tó ń tà lọ?"

"Èmi náà ni, mà."

"O sì mọ ibi tí à ń dúró sí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Páìpù ni mo ń wò, mi ò ro ti ẹni tó máa dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un ṣe. Màá gbé ẹnu méjèèjì lọ sẹ́yìn, màá sì dorí wọn kọ ilẹ̀."

"Ẹ̀yìn báwo?" Gàrúbà yọrí lójú fèrèsé. "Ẹwà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹwà?" Nàfísátù yí sí i. "Gàrúbà, bí o bá fi ẹnu méjì yìí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ, fúnra rẹ lo máa dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ, fúnra rẹ lo sì máa jẹ ẹ́ tán."

Gàrúbà rò ó díẹ̀. "Ẹ̀yìn náà ò burú," ó ní.

Wọ́n padà sí Àpòmù. Gígé iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni dun Soliat bí ìgbà tí èèyàn bá ń tú irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ṣùgbọ́n ó gé e. Ó kọ́kọ́ tẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba orí irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kó lè mọ bí páìpù yóò ṣe kọrí. Ó ní kí Sheriff àti àwọn yòókù gun ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n máa fò, kó lè rí i bóyá irin náà yóò kan páìpù nígbà tí ẹrù bá wà níbẹ̀.

"Ṣé èmi ni ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Sheriff bèèrè, ó ń fò.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í sọ̀rọ̀," Soliat dá a lóhùn láti abẹ́ ọkọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá kò fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún dé Ìkirè, kò sí obìnrin kankan tó sún mọ́ ọkọ̀. Òkèèrè ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n káwọ́ gbera. Nàfísátù, tó ti pààrọ̀ ìró, gbé atẹ rẹ̀ lé Soliat lọ́wọ́.

"Ìwọ tó ṣe é, lọ gbé atẹ dúró tì í."

Soliat gbé atẹ, ó lọ dúró lápá ọ̀tún, ó kó ẹsẹ̀ jọ. Ó rántí igi ọdán. Gàrúbà tẹ iná mọ́ ọkọ̀ bí ẹni pé òun àti ọkọ̀ ń jà. Ohùn náà bú láti ẹ̀yìn, èéfín gbá ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì fọ́nká. Etí híjáàbù Soliat kò mì.

"Ẹ ra dódò gbígbóná o!" ló pariwo, bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un, àwọn obìnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sáré bo ọkọ̀.

Gàrúbà sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu méjèèjì tó ń dán lábẹ́ ìdí píkọ́ọ̀pù rẹ̀.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," Gàrúbà ní. "Wàláhì, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé mi ni yóò máa rí i, gbogbo wọn ló sì máa tẹ̀ lé mi."

Pákò fò jáde lẹ́nu Ọ̀gá Fáṣadé. "Mo rí i! Láti àárọ̀ ni mo ti rí i! Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán! Ẹ̀yin obìnrin yìí, èmi ni mo ń fọ eyín? Gàrúbà, ìwọ àti fóònù rẹ, Ọlọ́run á yà yín! Soliat!" Ó mí kanlẹ̀. "Jíjó ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ wá ibi tí o máa gbé pátákó rẹ sí."

Sheriff ló kọ́kọ́ pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ṣì ń dúró de ti ẹ̀. Àwọn obìnrin dódò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gàrúbà san owó dódò tí èéfín bà jẹ́ láàárọ̀, ó tún ra òmíràn, ó pín in fún gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó kọ̀ ọ́.

Láàárín ariwo yẹn ni Nàfísátù fa Soliat lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìn búkà rẹ̀. Àdògán onírin tó fi ń dín dódò wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, òkúta ni wọ́n fi gbé e ró.

"O ti di ọ̀gá báyìí. Wá bá mi wo èyí."

Soliat yíjú wá Ọ̀gá Fáṣadé, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dé ọgbà, kó lè bi í bóyá jíjó ni àbí pípààrọ̀. Ọ̀gá rí ojú rẹ̀. Ó mú dódò mìíràn sẹ́nu, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Soliat bẹ̀rẹ̀ mọ́ àdògán náà. Ó fi ìka tọ́ ibi tó ti kán.

"Irin ẹsẹ̀ yìí ti jẹ tán, ìyá mi," ó ní. "Bí mo bá jó o, kò ní tọ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi tuntun sí i. Ẹ kọ́kọ́ paná yìí ná."