Ògiri Tí Kò Tẹ́jú

Ẹ gbọ́ o. Nínú ayé tiwa, ìjọba ńlá àwọn Gíríìkì ti wó tipẹ́tipẹ́. Ọ̀tá fọ́ odi olú ìlú rẹ̀ wọlé, ó parí. Nínú ìtàn yìí, kò wó. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ọ̀tá lu odi náà ya, tí àwọn obìnrin ìlú gbé òkúta lérí, tí wọ́n dí ihò náà pa kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀tá wò ó títí, ó sú u, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìjọba náà ṣì wà dòní olónìí: ọba ń bẹ lórí ìtẹ́, tẹlifóònù ń dún láàfin, ọkọ̀ ojú irin sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá.

Abẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an, ní ibùdókọ̀ tuntun, ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu-Abẹ ti ń ṣiṣẹ́ lára ògiri kan láti ọdún mẹ́ta. Òkúta wẹ́wẹ́ àti dígí aláwọ̀ wúrà tí kò tóbi ju èékánná lọ ló ń tò mọ́ ọn, ó fi ń ya àwòrán àwọn obìnrin tó dí odi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń po sìmẹ́ńtì fún un. Obìnrin àkọ́kọ́ lára ògiri náà ni iṣẹ́ tí ìyá wọn ṣe kẹ́yìn kó tó kú.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ni Ọ̀gá Àyẹ̀wò dé, géńdé kan tó wọ kóòtù, tó mú rúlà irin gígùn lọ́wọ́. Ó fi rúlà lé ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún.

"Ògiri yìí kò tẹ́jú."

"Kò tẹ́jú lóòótọ́," Ẹlẹ́nu-Abẹ dá a lóhùn látorí àkàbà. "Ta ló ní kó tẹ́jú?"

"Ìwé òfin wa ni, Ìyá. Wọ́n máa ha á kúrò lọ́la. Èyí la máa lẹ̀ síbẹ̀." Ó nàka sí pátákó wúrà kan tí òṣìṣẹ́ méjì gbé tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ló ṣe é, ó ń dán yinrin.

Ẹlẹ́nu-Abẹ yíjú sí obìnrin àkọ́kọ́ lára ògiri. Kí wọ́n ha iṣẹ́ ọwọ́ ìyá òun kúrò?

"Àbúrò mi, sọ̀kalẹ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Jẹ́ ká bẹ ọ̀gá."

"Ká bẹ̀ ẹ́ pé kí la ṣe? Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa po sìmẹ́ńtì yín jàre."

Ó sọ̀ kalẹ̀ ṣá, ó dúró gbọnyin níwájú ọ̀gá. "Ẹ wò ó. Gbogbo dígí tí mo tò síbí ló dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀. Bí iná bá kàn án, ara èèyàn ló máa da ìmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe ojú wọn."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà nìyẹn."

"Ìyá mi àgbà ló kúkú sọ ọ́, ẹ ò purọ́. Ẹ gbé tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń dánra wò wọlé. Gbogbo wa la lójú lórí."

Ọ̀gá ò fẹ́ kí wọ́n pe òun lójo. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó náà dúró níbi tí ògiri parí sí, kó dojú kọ ọ̀nà ọkọ̀.

Ọkọ̀ wọlé pẹ̀lú iná ńlá lórí. Iná náà kan obìnrin àkọ́kọ́, ó sáré kan èkejì, wúrà ń tàn láti èjìká dé ẹsẹ̀, àfi bíi pé àwọn obìnrin náà ń rìn, tí òkúta orí wọn ń wúwo. Ẹnu ọ̀gá là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná kan pátákó. Ìmọ́lẹ̀ náà ta padà sójú awakọ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí. Bíréèkì han goooro, ọkọ̀ dúró ní ìdajì ọ̀nà.

Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó ń nu ojú. "Wèrè wo ló gbé oòrùn síwájú mi? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa èèyàn ni?"

Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ nàka. "Ọ̀gá yìí ló ni ín o. Tiwa ni èyí tó rẹwà yẹn."

"Tiwa kẹ̀?" àbúrò rẹ̀ ní.

Ọ̀gá wúkọ́, ó yọ ìwé àti kálàmù. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń tẹ dígí yẹn fún mi, kí ẹ̀rọ lè máa ṣe é."

Ẹlẹ́nu-Abẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Àtàǹpàkò mi ni ìwọ̀n. Ẹ mú tiyín wá." Ó fi dígí kan sí i lọ́wọ́, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì tútù. Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́. Dígí náà wọ́ bí ẹnu ọ̀mùtí. Obìnrin náà fi èékánná hú u jáde. "Ọdún méje la fi ń kọ́ ọ. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé òfin yín."

Ọ̀gá kọ ọ́. Ó tún kọ nǹkan mìíràn sísàlẹ̀, ó kà á sókè: "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri yìí."

"Àfi ta ni?"

"Àfi Ìyá."

"Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o, ojú mi kì í rí lẹ́tà kéékèèké." Ó ká aṣọ sókè, ó gun àkàbà padà lọ, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ bí ìyàwó ọba. "Bọ̀ọ̀dá mi! Sìmẹ́ńtì ń gbẹ! Ẹsẹ̀ obìnrin yìí ṣì ku ọmọ ìka mẹ́ta!"