Òpópónà Tó Ṣì Wà Nínú Fóònù

Láti àárọ̀ ni Ẹwàolúwa ti ń fi fóònù sàmì sí gbogbo kànga tó wà ní Bàrígà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ládùúgbò náà, nítorí náà ó ń lo máàpù tó ti gbà sórí fóònù tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì létí gọ́tà ńlá, iṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kọ̀, kò lọ.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀, Bọ́dúndé. "Ẹ̀gbọ́n, mo pa fóònù, mo tún tàn án. Kò lọ."

"Máàpù ọwọ́ ẹ ló ti pẹ́ jù. Kọ́kọ́ tọ́jú iṣẹ́ tó o ti ṣe, yọ máàpù yẹn, kó o gba tuntun."

Bó ṣe fẹ́ yọ ọ́ ló rí orúkọ òpópónà ìyá àgbà rẹ̀, èyí tí wọ́n wó láti fi la gọ́tà náà. Nínú máàpù, ó ṣì wà. Ẹwàolúwa rọra ń rìn létí omi, àmì kékeré tó ń tọ́ka ibi tó wà sì ń gba ojúlé kọjá títí tó fi dé ilé ìyá àgbà. Ó dúró. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́, ó sì dà bíi pé ó ń gbọ́ òórùn ọṣẹ tí ìyá àgbà fi ń wẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó ti lọ?" Bọ́dúndé béèrè lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀."

Nígbà tó yá, ó yọ ọ́, ó gba tuntun. Omi gígùn kan rọ́pò òpópónà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́.