Bí Wọ́n Ṣe Lé Demetric Pugh

Ẹ̀gbọ́n mi ni Lucius Tarver, ìyá kan náà ló bí wa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀tá rẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀. Òun ni kóòṣì bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwa ènìyàn dúdú tó wà nílùú wa ní Mississippi. Bọ́ọ̀lù tiwa ni mò ń wí, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré, tí àwọn ọkùnrin gìrìwò sì ń ya lu ẹni tó gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun nìkan ló tọ́ Yvette, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dàgbà. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà kan ní Washington ti ní kó máa bọ̀, ó kàn ń parí èyí tó kù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni.

Ó pẹ́ tí ẹgbẹ́ Lucius ti ń jẹ ìyà lórí pápá. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn díákónì á máa bi í pé, "Kóòṣì, ṣé bọ́ọ̀lù lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ni, àbí bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá délé mi, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn.

Ìgbà yẹn ni Demetric Pugh dé láti apá Delta, ilẹ̀ oko kan ní Mississippi wa níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Ozella, ló tọ́ ọ. Ọmọ náà síngbọnlẹ̀, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti wà láyà rẹ̀, bí ìgbà tí màlúù já okùn ni. A bẹ̀rẹ̀ sí í borí. A borí àwọn tó ti ń fi wá ṣẹ̀sín láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Àwọn díákónì kan náà wá ń sáré ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún Lucius.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé kíkà ṣòro fún Demetric. Òfin sì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fìdí rẹmi kò gbọ́dọ̀ wọ pápá. Yvette ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kó máa ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a jókòó nílé mi, à ń jẹ adìẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo, ni Lucius bá ní:

"Yvette, iṣẹ́ ìtàn tí Dókítà Odom fún ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó le fún un, Dádì. Ó ń gbìyànjú gan-an, àmọ́ kò lè parí ẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á."

"Kò gbọ́dọ̀ fèèlì o. Ṣe ohun tó bá gbà."

"Kí ló ń jẹ́ ohun tó bá gbà?"

"Ṣé èdè Faransé ni mo sọ ni? Jẹun ẹ, jàre."

Yvette wo bàbá rẹ̀ títí, ó wá tẹjú mọ́ àwo. Lọ́sẹ̀ yẹn ló jókòó, ó kọ gbogbo iṣẹ́ náà fún Demetric láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Demetric sì fi lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Àgbà obìnrin ni Dókítà Odom, ó ti kọ́ ìdajì ìlú wa níwèé. Nígbà tó kà á tán, ó pe Demetric, ó ní kó ṣàlàyé ojú ewé àkọ́kọ́ fún òun. Ọmọ náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ku díẹ̀ ká gbá ìdíje àṣekágbá nígbà tí ìyá náà gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, Dókítà Whitlow.

Whitlow ránṣẹ́ pe Lucius. Ó ní, "Ẹnì kan ló kọ nǹkan yìí fún un. Tó bá jẹ́ pé òun ló lọ ra iṣẹ́ níta, òun nìkan á lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá, Lucius, gbogbo ibi tá a ti borí lọ́dún yìí ni wọ́n máa fagi lé, ìwọ náà á sì palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Lọ wádìí. Má sì wá sọ ju ohun tí mo lè gbọ́ lọ fún mi."

Lucius délé, kò tilẹ̀ jókòó. "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe ohun tó bá gbà."

"Mi ò ní kó o kọ ọ́!"

"Kí lẹ wá ní kí n ṣe, Dádì? Ẹ wí, mò ń gbọ́."

Yvette ní òun á lọ jẹ́wọ́. Lucius ní kò gbọ́dọ̀, tí wọ́n bá gbọ́ ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ lọ́yà ti bọ́ nìyẹn. Ó ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun, òun á yanjú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fara pa. Yvette gbà á gbọ́. Bàbá rẹ̀ ni.

Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Lucius gbé Demetric sínú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n lọ páákì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

"Sọ fún wọn pé o rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ò mọ̀ rí."

"Wọ́n á lé mi, sà."

"Fúngbà díẹ̀ ni. Tí ọdún bá ti yí, èmi gan-an ni màá wá mú ẹ padà."

"Màmá àgbà ńkọ́? Wọ́n ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Màá lọ bá wọn. Màá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún wọn."

"Tí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n máa ṣe fún Yvette?"

"Wọ́n á ba ayé ẹ̀ jẹ́."

"Ó dáa, sà. Òun nìkan ni kì í fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá ń kàwé."

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìbáwí kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó, Demetric wọ kóòtù tó fún un léjìká, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Dókítà Odom kò wo ọmọ náà rárá, Lucius ló kọjú sí. "Kóòṣì, ṣé ẹ gba ohun tí ọmọ yìí wí gbọ́?"

"Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, Mà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé e. Nígbà tí Yvette gbọ́, ó sunkún, ó sì bá bàbá rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n Lucius ní ọmọ náà ló gbà bẹ́ẹ̀, pé yóò padà wá. Yvette kò lọ jẹ́wọ́ mọ́. Ọ̀nà Washington náà wà níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ àṣekágbá, a forí tì í, a borí láìsí Demetric, àwọn ọmọ gbé Lucius lé èjìká, gbogbo ìlú ń fọn fèrè mọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Lucius kò lọ sí Delta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Kérésìmesì dé, Màmá Ozella fúnra rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì wá. Mo wà nílé Lucius lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé páì ànàmọ́ tó fi aṣọ wé dání.

"Kóòṣì, ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́. Àforíjì ni mo wá tọrọ. Ọmọ yẹn ò sọ ju pé òun ṣe èrú lọ. Mo gbá a létí, bó ṣe tóbi tó yẹn, níwájú ìjọ. Ẹ mú un bí ọmọ, ó wá fi ojú yín gbolẹ̀. Ẹ dákun, ẹ dárí jì wá."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Gbólóhùn òótọ́ kan péré ló kù kó sọ. Ó na ọwọ́, ó gba páì náà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Ọmọdé ló ń ṣe é, Mà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù."

Yvette jáde láti ilé ìdáná. "Irọ́ ni, Màmá. Èmi ni mo kọ ọ́. Demetric ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìyá náà rọra yíjú sí Lucius. "O mọ̀?"

Ọwọ́ Lucius ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò. "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé ibùdókọ̀, Mà."

"Jókòó sílé ẹ."

Ó gbé páì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e, mo bá a gbé báàgì. Kò lé mi.

Yvette lọ bá Dókítà Whitlow, ó sọ gbogbo rẹ̀. Whitlow fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Ọmọ mi, ẹjọ́ yẹn ti parí. Àwọn tó ti jáde níbí ti ṣèlérí pápá tuntun fún wa. Ta ni òótọ́ rẹ máa bọ́ yó?" Yvette pe Demetric lórí fóònù. Ìyẹn ní, "Má ba tìẹ jẹ́ mọ́ tèmi. Kí ni wọ́n máa dá padà fún mi?" Yvette sọ fún àwọn ará Washington, wọ́n sì gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú Jackson ló ń gbé báyìí, ó ń tẹ̀wé fún lọ́yà kan. Tó bá wálé, ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn. Ó ń kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀ bí ẹni ń kọjá níwájú ilé àjèjì.

Ọdún yí, òmíràn tún yí. Lọ́jọ́ kan Lucius wakọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa ẹja àrọ̀ ní Delta. Demetric jáde sí i nínú bàtà rọ́bà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá ọ̀bẹ.

"Kóòṣì."

"Mo wá mú ẹ padà, bí mo ṣe wí."

Demetric wò ó. "Ta ló ṣẹ́sẹ̀?"

Òótọ́ ni, ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún Lucius ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Lucius ní òun kò lè purọ́ fún un lójúkojú, òun dárúkọ ẹni tó ṣẹ́sẹ̀. Demetric mi orí, ó ní kó bá òun kí Yvette, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lucius ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, òórùn ẹja ṣì ń yọ lára aṣọ rẹ̀. Ó rò ó fún mi tán, ó ń wò mí lójú, ó ń dúró kí n sọ pé ó gbìyànjú.

Mi ò sọ ọ́.